Ó Ti So Pọ̀, Iṣẹ́ Wo Ló Wá Ṣe?

Kíbọ́ọ̀dù kò mọ ábídí. Tí ènìyàn bá tẹ A lórí kíbọ́ọ̀dù aláìníwáyà, kì í ṣe lẹ́tà A ló ń lọ bá kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà 4 ló ń lọ. Nọ́ńbà 5 dúró fún B, 6 dúró fún C, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò ó lọ títí dé Z tó jẹ́ 29. Kọ̀ǹpútà ló máa gba nọ́ńbà yẹn, tí á wo èdè tí olówó rẹ̀ yàn, kó tó pinnu lẹ́tà tí á fi hàn lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ máa tẹ ẹ, ọ àti ṣ kò fi ní láti wá kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n dìídì ṣe fún Yorùbá lọ. Ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Kó ṣáà ti lọ yàn án níbi tí wọ́n ti ń yan èdè, kíbọ́ọ̀dù yòówù tó bá rà ní Computer Village, ní Ìkẹjà, á máa fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, láìmọ̀ pé èdè ti yí padà.

Bí ẹ̀rọ aláìníwáyà àti kọ̀ǹpútà ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn báyìí ni ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ tú palẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nígbà tí “Connected” bá ti hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó parí náà nìyẹn. Kò parí o. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀: kí ẹ̀rọ méjì máa gbọ́ ohùn ara wọn, àti kí wọ́n fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ jọ ṣe. Ti àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fa wàhálà mọ́ láyé ìsinsìnyí. Èkejì ló ń mú kí àwọn ènìyàn máa bú Bluetooth tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Rédíò ni Bluetooth, rédíò ni Wi-Fi náà. Ìgbì tó ń gbé ohùn ilé iṣẹ́ rédíò wọlé tọ àwọn olùgbọ́ lórí FM wà láàárín mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 88 sí 108. Ti Bluetooth ga ju ìyẹn lọ fíìfíì: láti 2,400 títí dé 2,483.5 ni ààyè tirẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú Wi-Fi àti àwọn máòsì aláìníwáyà kóra jọ sí. Kò sẹ́ni tó ń gba ìwé àṣẹ kó tó lo íapíìsì rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1985 ni FCC, àjọ tó ń bójú tó ìgbì afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà, fàyè gba àwọn ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ láti máa lo ààyè yẹn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni ọjà sì ti ṣí.

Kí àwọn yẹn tó dé, ẹ̀rọ máíkírówéfù tó ń gbé oúnjẹ gbóná ti wà níbẹ̀. Orí 2,450 ni tirẹ̀ wà, omi inú oúnjẹ sì máa ń fa agbára ìgbì náà mu, òun ló ń mú un gbóná. Omi ló pọ̀ jù nínú ara ènìyàn náà. Ẹni tó bá ki fóònù sápò ẹ̀yìn lápá òsì, tó fi íapíìsì sí etí ọ̀tún, ara òun fúnra rẹ̀ ló fi dínà ìgbì yẹn. Bí orin bá ń já lu já lu, kó gbé fóònù náà bọ́ sápá kejì kó tó dá íapíìsì lẹ́bi. Agbára tí íapíìsì àti fóònù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ kò tó nǹkan, mílíwáàtì 2.5 péré ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n sì retí pé kó dé nǹkan bíi mítà 10. Kò ní ipá tó fi lè bá ìdílọ́wọ́ jà.

Níbi tí èrò wá pọ̀ bẹ́ẹ̀, báwo ni máòsì kan ṣe ń bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárín ariwo? Kì í dúró lójú kan. Bluetooth pín ààyè rẹ̀ sí ojú ọ̀nà 79, ó sì ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn, ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ méjèèjì ti mọ ibi tí ìfò tó kàn máa balẹ̀ sí, wọ́n sì jọ ń fò ni. Bí Wi-Fi aládùúgbò bá wà lórí ojú ọ̀nà kan, bíńtín ni ohun tó máa sọnù, wọ́n á sì tún un fi ránṣẹ́ lórí ojú ọ̀nà mìíràn. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.2 ti jáde lọ́dún 2003, ó tún ti ń ṣọ́ àwọn ojú ọ̀nà tí ariwo bá pọ̀ sí, tí á sì máa yà fún wọn. Èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ bátìrì, tó bá ẹ̀dà 4.0 dé lọ́dún 2010, ojú ọ̀nà 40 ló ń lò ní tirẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti ìkéde nìkan. Ibẹ̀ ni aago ọwọ́ tàbí máòsì tuntun ti máa ń kígbe pé òun wà nítòsí.

Hedy Lamarr, òṣèré sinimá Hollywood, àti George Antheil tó jẹ́ olórin, gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́dún 1942 lórí irú ìfò báyìí. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ń wá bí wọn ṣe máa fi rédíò darí ohun ìjà abẹ́ omi tí ọ̀tá kò fi ní lè dí ìgbì rẹ̀. Tákàdá tí wọ́n dá ihò sí lára, bíi ti dùùrù tó ń dá ara rẹ̀ lù, ni wọ́n fẹ́ fi máa darí ìfò náà, ojú ọ̀nà tí wọ́n sì dárúkọ jẹ́ 88, iye bọ́tìnì tó wà lára dùùrù gan-an. Nítorí ìtàn yìí, àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé Lamarr ló ṣe Bluetooth. Àsọdùn pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ti ń ro ọ̀rọ̀ ìfò ìgbì ṣáájú rẹ̀, ìwé ẹ̀tọ́ náà sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún 1959.

Ìlú Lund, lórílẹ̀-èdè Sweden, ni Bluetooth ti jáde wá, láti ọ̀dọ̀ Ericsson tó ń ṣe fóònù nígbà náà. Ọdún 1994 ni Jaap Haartsen, onímọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ọmọ Netherlands, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ níbẹ̀, Sven Mattisson sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ń lé kò ju pé kí wáyà kúrò láàárín fóònù àti àwọn nǹkan tó ń bá a rìn. Ṣùgbọ́n íapíìsì tó jẹ́ pé fóònù ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbà á, ta ló máa rà á? Ericsson kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ti ara rẹ̀ nìkan. Lọ́dún 1998, òun, Nokia, Intel, IBM àti Toshiba dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ fún ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ náà láti lò láìsan owó orí. Ìtàn ọba Denmark tí wọ́n fi sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ wà káàkiri fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ. Ìpinnu ọdún 1998 yẹn ló wúlò jù ú lọ lójú ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, torí òun ló fà á tí íapíìsì aláìlórúkọ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà fi lè bá láptọ́ọ̀pù olówó ńlá ṣiṣẹ́.

Infrared ni wọ́n ń lò kí Bluetooth tó dé. Àwọn tó lo fóònù láyé ìgbà yẹn á rántí bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù méjì kojú síra wọn lórí tábìlì, tí wọ́n á ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí orin kan ṣoṣo fi máa wọlé tán.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ méjì bá kọ́kọ́ pàdé ni wọ́n máa ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní pairing. Ènìyàn á tẹ bọ́tìnì íapíìsì mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ fi máa máa ṣẹ́jú. Ìyẹn ni pé ó ti gbà kí ẹlòmíràn rí òun. Kọ̀ǹpútà á ké sí gbogbo ẹ̀rọ tó wà nítòsí, oníkálukú á sì dáhùn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó gùn tó bíìtì 48. Láyé àtijọ́, 0000 tàbí 1234 ni kóòdù ọ̀pọ̀ wọn, ọmọdé lè mọ̀ ọ́n. Láti ẹ̀dà 2.1 tó jáde lọ́dún 2007 ni wọ́n ti tún un ṣe: tí ẹ̀rọ méjèèjì bá ní ojú, bíi fóònù àti láptọ́ọ̀pù, nọ́ńbà mẹ́fà kan náà ló máa hàn lára àwọn méjèèjì, kí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí i pé wọ́n bára mu kó tó gbà. Tó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà á gbé nọ́ńbà jáde, ènìyàn á tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù náà. Máòsì àti íapíìsì kò lójú tó lè fi nǹkan hàn, wọn kò sì ní bọ́tìnì nọ́ńbà, nítorí náà wọ́n á kàn gbà fún ara wọn ni láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ibẹ̀ ni ààbò rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, kò sì burú kí ènìyàn ṣe tirẹ̀ nílé dípò gbọ̀ngàn tí èrò pọ̀ sí.

Tí wọ́n bá ti gbà fún ara wọn, wọ́n á jọ ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kan, oníkálukú á sì tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀. Kọ́kọ́rọ́ yìí ni wọ́n máa fi dá ara wọn mọ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Ìyẹn ló fa wàhálà tó máa ń dé lẹ́yìn tí wọ́n bá tún Windows gbé sórí láptọ́ọ̀pù: kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ máòsì, ti kọ̀ǹpútà ti pa rẹ́, àwọn méjèèjì á wá dàbí àjèjì. Kò sí àtúnṣe mìíràn ju kí wọ́n yọ orúkọ máòsì náà kúrò, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Máòsì tó ní 1, 2, 3 lábẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ń tọ́jú, ó sì ń paààrọ̀ wọn ní ìtẹ̀ kan.

Wọ́n ti mọra wàyí. Iṣẹ́ wá ńkọ́?

Bí oníṣẹ́ ọwọ́ tó dé ìlú tuntun ṣe máa ka ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe máa ń bi ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn léèrè pé kí ló lè ṣe, tí ẹ̀rọ náà á sì ka tirẹ̀ sílẹ̀. Profile ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. HID ni ti máòsì àti kíbọ́ọ̀dù. A2DP ni ti orin gbígbọ́. HFP ni ti ìpè fóònù, níbi tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ tó sì ń gbọ́. Ti fífi fáìlì ránṣẹ́ wà lọ́tọ̀, ti pínpín íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀. Èyí tí àwọn méjèèjì bá mọ̀ nìkan ni wọ́n lè jọ ṣe. Fóònù kan lè so mọ́ láptọ́ọ̀pù kó máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i dáadáa, síbẹ̀ kí láptọ́ọ̀pù má rí íntánẹ́ẹ̀tì kankan gbà lára rẹ̀, nítorí pé olówó rẹ̀ kò tíì ṣí ti íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí fóònù. Ìsopọ̀ kan náà ni, iṣẹ́ ló yàtọ̀.

Àpẹẹrẹ tó ń bí ènìyàn nínú jù ni ti ìpàdé ẹbí lórí Zoom. Àwọn kan wà ní London, àwọn kan wà ní Houston, ìyókù wà ní Ìbàdàn, ọjọ́ Ìsinmi lálẹ́, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ ìsìnkú bàbá àgbà. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ti fi íapíìsì tó dára sétí, ó ń gbọ́ orin lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, gbogbo ìlù ń dún kedere. Bó ṣe wọ Zoom báyìí, ohùn súnkì. Orin tó gbàgbé láti pa náà ti di jákujàku lábẹ́lẹ̀. Á yọ íapíìsì, á nù ún, á tún un fi sétí, kò yàtọ̀. Á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Íapíìsì rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. A2DP tó ń gbé orin wá jẹ́ ojú ọ̀nà alápá kan: ohùn ń ti kọ̀ǹpútà wá sétí, kì í padà. Nítorí pé apá kan ni, ó ráyè kó ohùn tó kún wá fún etí ọ̀tún àti ti òsì, ìwọ̀n 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi ti orin inú CD. Zoom ní tirẹ̀ fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni náà pẹ̀lú, ó sì ní kí wọ́n ṣí máìkì íapíìsì. A2DP kò ní àyè fún máìkì. Kọ̀ǹpútà kò rí ọ̀nà mìíràn ju kó fi A2DP sílẹ̀, kó bọ́ sórí HFP tí wọ́n ṣe fún ìpè fóònù: ohùn kan ṣoṣo fún etí méjèèjì, ìwọ̀n 8,000, tàbí 16,000 tí ẹ̀rọ méjèèjì bá jẹ́ tuntun. Gbogbo ohun tó ń dún lórí kọ̀ǹpútà náà ló máa gba ojú ọ̀nà tóóró yìí kọjá, orin pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ní London.

Ẹni tó bá ní Windows 10 lè fojú ara rẹ̀ rí i. Kó tẹ àmì ohùn tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Íapíìsì kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ló máa bá níbẹ̀, ọ̀kan parí sí Stereo, èkejì ní Hands-Free lára. Iṣẹ́ méjì tí ẹ̀rọ kan ń ṣe ni wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ju pé kí ènìyàn wọ ibi ètò ohùn nínú Zoom, kó yan máìkì láptọ́ọ̀pù fún ọ̀rọ̀ sísọ, kó sì fi íapíìsì sílẹ̀ fún gbígbọ́ nìkan. Kò sẹ́ni tó pe máìkì íapíìsì mọ́, ó di pé A2DP padà sẹ́nu iṣẹ́, ohùn á sì kún. Ó kàn ń bèèrè pé kí ilé má pariwo ni, torí máìkì láptọ́ọ̀pù máa ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà. Lọ́dún 2020 ni ẹgbẹ́ Bluetooth kéde LE Audio, tó lè gbé ohùn tó dára lọ kó sì gbé e bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àti íapíìsì ló gbọ́dọ̀ ní in. Ẹni tó ra íapíìsì tuntun sórí láptọ́ọ̀pù tọ́kúnbọ̀ ṣì máa fojú rí ohun tó rí tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo máòsì aláìníwáyà ni ti Bluetooth o. Ọ̀pọ̀ èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ló ń bá dongle dé, ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB. Rédíò tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì da Bluetooth láptọ́ọ̀pù láàmú rárá. Ní ti kọ̀ǹpútà, máòsì oníwáyà lásán ló rí lójú USB yẹn. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ dáadáa: tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò wọ Windows, kíbọ́ọ̀dù oní-dongle lè tẹ F2 tàbí Delete láti wọ BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó wọlé, nígbà tí ti Bluetooth sábà máa ń dúró de Windows kó tó jí. Àléébù ibẹ̀ ni pé tí dongle bá sọnù, máòsì di ohun ìṣeré ọmọdé, àyàfi tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n lè fún ní dongle mìíràn. Unifying tí Logitech gbé jáde lọ́dún 2009 wà nínú irú bẹ́ẹ̀, dongle rẹ̀ kan sì lè gba ẹ̀rọ mẹ́fà.

Tí máòsì oní-dongle bá ń fà, tó ń dúró, tó tún ń fò, kí wọ́n wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Intel gbé àlàyé jáde lọ́dún 2012 pé ariwo tí USB 3.0 ń dá sílẹ̀ nígbà tó bá ń kó fáìlì máa ń bọ́ sórí ààyè 2,400 tí àwọn máòsì wà gan-an. Ihò USB aláwọ̀ búlúù nínú sábà máa ń jẹ́ 3.0. Hard disk tó ń ṣiṣẹ́ nínú ihò yẹn, tí dongle sì wà nínú ihò kejì tó fara kàn án, ó tó láti da máòsì rú. Wáyà USB kúkúrú tó gbé dongle jìnnà díẹ̀ sí hard disk á tán an.

Fóònù ni ẹ̀rọ aláìníwáyà tó ń ṣiṣẹ́ jù lára kọ̀ǹpútà nílẹ̀ wa, nítorí pé ibi tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Bí wọ́n bá tan hotspot, fóònù ti di router: ó ń gba dátà lápá kan lórí ìgbì MTN, Airtel tàbí Glo, ó sì ń pín in lápá kejì lórí Wi-Fi. Bluetooth náà lè pín in, ó sì ń dá bátìrì fóònù sí, ṣùgbọ́n kì í yára. Mẹ́gábíìtì bíi 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá ló lè gbé.

Àṣìmọ̀ kan wà níbi hotspot yìí tó ń gbówó lápò ènìyàn. Láptọ́ọ̀pù kò mọ̀ pé dátà ràrà-lò ni. Wi-Fi ló rí, ó sì rò pé irú èyí tí kò lópin tí wọ́n ń lò nílùú tó ti wá ni. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn update Windows, á kó fọ́tò lọ sórí OneDrive, àwọn áàpù á máa tún ara wọn ṣe lẹ́yìn, olówó rẹ̀ tó fẹ́ ka ímeèlì kan á ṣàdédé rí i pé dátà ti lọ. Nínú Settings Windows, níbi orúkọ Wi-Fi yẹn, ohun kan wà tí wọ́n pè ní “Metered connection”. Ẹni tó bá tan án ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé wíwọ̀n ni wọ́n ń wọn íntánẹ́ẹ̀tì yìí fún òun, Windows á sì fawọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìgbàkúgbà yẹn sẹ́yìn.

Tí fáìlì bá tóbi, ìṣirò ló máa sọ ojú ọ̀nà tó yẹ. Fíìmù tó wọn mẹ́gábáìtì 700, tí Bluetooth ń gbé mẹ́gábíìtì 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, á gbà tó ìṣẹ́jú 47. Wi-Fi tó ń gbé 80 á parí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tó pé. Ohun tí áàpù Xender mọ̀ nìyẹn tó fi gbajúmọ̀: fóònù kan á tan hotspot, èkejì á wọ inú rẹ̀, fáìlì á sì gba Wi-Fi kọjá láàárín àwọn méjì yẹn láìgba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í jẹ dátà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé ó ń jẹ ẹ́. AirDrop tí Apple gbé jáde lọ́dún 2011 pín iṣẹ́ náà sí méjì: Bluetooth ló ń wá ẹni tó wà nítòsí, Wi-Fi ló ń gbé ẹrù.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sábà bá Bluetooth ṣe, Wi-Fi ni tirẹ̀. Ohun tó ń fa “printer offline” jù ni pé láptọ́ọ̀pù wà lórí hotspot fóònù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì wà lórí router ọ́fíìsì. Àwọn méjèèjì ní Wi-Fi, àwọn méjèèjì tan iná, ṣùgbọ́n ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Tí wọ́n bá wọ orí orúkọ Wi-Fi kan náà, wọ́n á rí ara wọn. Níbi tí kò sí router rárá, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè dá Wi-Fi tirẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ sábà máa ń fi DIRECT bẹ̀rẹ̀, láptọ́ọ̀pù á sì lọ wọ ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má rí íntánẹ́ẹ̀tì gbà títí ìwé yẹn fi máa jáde tán.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà. Lọ́dún 2016, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Bastille fi hàn pé ọ̀pọ̀ dongle, láti ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá, máa ń gba ọ̀rọ̀ tí àjèjì tẹ̀ gbọ́. MouseJack ni wọ́n sọ ọ́. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ máòsì pamọ́ bí wọ́n ṣe fi ti kíbọ́ọ̀dù pamọ́, nítorí pé ta ló máa jí ìrìn máòsì? Ṣùgbọ́n dongle kan náà ló ń gbọ́ ti àwọn méjèèjì. Ẹni tó wà ní nǹkan bíi mítà 100 lè dà bíi máòsì, kó wá máa fi ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà á sì gbà pé olówó òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn kíbọ́ọ̀dù Bluetooth kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan gbé àtúnṣe jáde fún dongle wọn. Ti àwọn mìíràn kò ṣeé tún ṣe, ìyọkúrò ló kù fún un.

Ibì kan tí kò sí lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ tó wà níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ ìgbàlódé, òun náà sì máa ń bi fóònù léèrè pé iṣẹ́ wo ló lè ṣe. Ọ̀kan nínú ohun tó máa ń bèèrè ni PBAP, èyí tó fún ọkọ̀ láyè láti ṣe àdàkọ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo tó wà nínú fóònù, pẹ̀lú àwọn ìpè tó wọlé àti èyí tó jáde, kí awakọ̀ lè pe ìyàwó rẹ̀ láìfọwọ́ kan fóònù. Fóònù á bèèrè àṣẹ, olówó rẹ̀ tó ń kánjú á tẹ “Allow”. Àdàkọ yẹn lè dúró sínú ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí fóònù bá ti lọ, yálà ọkọ̀ tí wọ́n háyà fún ọjọ́ méjì ni, tàbí èyí tí wọ́n tà fún oníṣòwò tọ́kúnbọ̀. Kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí wọ́n wọ inú àtòjọ Bluetooth ọkọ̀ náà, kí wọ́n yan orúkọ fóònù wọn, kí wọ́n sì tẹ “Delete”; nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àdàkọ orúkọ àti nọ́ńbà náà á bá a lọ.